Yàrá Inú Iṣu Àkànní

Sáláwù Àkànní, ọmọ Ìdírísù, ọmọ Bùráímọ̀ tó kọ́kọ́ gbẹ́ kànga ní àdúgbò wa ní Manigri, nílẹ̀ Benin. Àkànní ọkọ mi, ọmọ a-kọ-ebè-kí-òjò-tó-dé, ọmọ iṣu-wú-ebè-là, ọmọ a-rí-àlejò-má-tilẹ̀kùn, ọmọ a-jẹ-má-dá-jẹ. Mo ti kì í tán. Ohun tó kù tí kò sí nínú oríkì ni pé ó lágídí ju kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ, oríkì kì í sì í sọ irú ìyẹn fún ènìyàn. Èmi tí mo bá a gbé láti ìgbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu ni mo máa sọ ọ́, kí ẹni tó bá ń kà á má baà rò pé màláíkà ni mo fẹ́.

Mo rántí ìgbà tí ilé wa ṣì jẹ́ ilé kan ṣoṣo. A lé ní ọgbọ̀n ènìyàn nínú rẹ̀, ẹnu ọ̀nà kan, ìkòkò kan, èmi ni mo sì di orógùn mú. Ọmọkùnrin mẹ́rin ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún wa: Ráfíù, Ìsìáká, Núrù, àti Múfútáù àbíkẹ́yìn mi. Bí ọ̀kan bá ti gbéyàwó báyìí, Àkànní á ní kí wọ́n fi yàrá kan kún ilé lẹ́yìn. Bí ó bá bímọ, yàrá mìíràn. Ilé náà ń gùn lọ sẹ́yìn ṣáá bí ejò tó na ara sínú oòrùn, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kò kúrò lójú kan, ilé ìdáná kò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Omi, igi, iṣu, àlejò, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà wọlé. Àwọn tó wà nítòsí ń jẹ oúnjẹ gbígbóná. Àwọn tó wà láàárín ń jẹ èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí àwo tó dé yàrá Múfútáù ní ìpẹ̀kun ilé, ẹran ti di omi ọbẹ̀, omi ọbẹ̀ ti di òórùn, òórùn ti di ìròyìn.

Rámátù ìyàwó Múfútáù ń tọ́mọ lọ́wọ́ nígbà náà, ebi sì ń pa á. Ọmọ rere ni, kò ráhùn, ó kàn ń gbẹ ni. Ọkọ rẹ̀ ló ráhùn. Ó lọ bá bàbá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ò bèèrè oko, òun ò bèèrè ogún, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí òun la ẹnu ọ̀nà kan sí ẹ̀yìn ilé, kí ìyàwó òun sì dá iná tirẹ̀. Àkànní wò ó bí ẹni tí ọmọ ní kó bọ́ ṣòkòtò lójú ọjà.

"Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń mí, ilé Ìdírísù kò ní pín. Ohun tó bá ti pín ti tú."

"Ẹ kú ọ̀rọ̀, Bàbá," ni Múfútáù wí. "Bí a bá ká kajú tán, mo ń lọ sí Nàìjíríà."

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sí mi nínú. Mo ti rí àwọn tó lọ. Ọmọ Sénábù ti Doguè lọ, inú fóònù nìkan ni ìyá rẹ̀ ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ìyá náà á sì máa na fóònù sókè bí ẹni pé yóò rí i nínú rẹ̀. Mo bí ọmọ méje, mo sin mẹ́ta. Èyí tó gbẹ̀yìn inú mi, n kò ní jẹ́ kó lọ nítorí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti la ẹnu, Àkànní á ní, "Ìyá Ráfíù, obìnrin ò mọ ìtàn ilé." Èmi náà á máa wo àwọn igi kajú tí wọ́n ti ń tanná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá yí padà, n kò lè rò ó láéláé. Mẹmúnátù ọmọ Ráfíù ń lọ sí kọ̀léèjì ní Bassila. Ní ọjọ́ kan ó dé, ó ní olùkọ́ àwọn ní kí ẹni tí wọ́n bá ń gbin iṣu nílé rẹ̀ mú iṣu wá, àwọn fẹ́ wo àwọn yàrá tó wà nínú rẹ̀. Ó ní wọ́n ń pè é ní selúlù, ó ní ó ní ògiri.

Àkànní bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Làmídì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló jókòó tì í. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dábẹ́ fún àwọn méjèèjì, láti ọjọ́ náà ni wọn kò sì ti gbà fún ara wọn. Iṣu Làmídì kì í tóbi. Ó dùn o, ṣùgbọ́n kì í tóbi.

"Bí yàrá bá wà nínú iṣu," ni Àkànní wí, "tèmi á ní gbọ̀ngàn. Ti Làmídì yìí, ilé adìẹ ni wọ́n máa bá níbẹ̀."

"Irọ́ ni," ni Làmídì dáhùn. "Ti tìẹ kò lè tóbi ju tèmi lọ. Ariwo nìkan ló tóbi nínú iṣu rẹ."

Bí wọ́n ṣe jọ ta tẹ́tẹ́ nìyẹn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá já sí irọ́ níwájú olùkọ́ yóò máa pe ẹnìkejì ní ẹ̀gbọ́n títí iṣu tuntun yóò fi dé. Bàbá méjì tí irùngbọ̀n wọn ti funfun! Ní ọjọ́ kejì, Àkànní fi ìborùn mi tó dára wé iṣu tó tóbi jù lọ nínú abà, ó gbé e sí àyà lórí ọ̀kadà bí ẹni tó gbọ́mọ tuntun bọ̀ láti ilé ìwòsàn. Làmídì fi tirẹ̀ há abíyá. Èmi náà gun ọ̀kan tẹ̀lé wọn. Mo ní mo fẹ́ lọ ra iyọ̀. Iyọ̀ wà ní Manigri, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí.

Dáúdà ni olùkọ́ náà ń jẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ Alédjo. Ó kí wa dáadáa, ó sì fi abẹ gé iṣu Àkànní ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó fi jẹ́ pé ènìyàn lè rí ojú ọmọ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí dígí, ó kán omi sí i, ó tì í sábẹ́ awò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní mikirosikópù. Àkànní tẹ̀ ba.

"Òkùnkùn ni," ó wí.

"Bàbá, ẹ ti di ojú méjèèjì. Ẹ la ọ̀kan."

Ó la ọ̀kan. Ó tẹjú mọ́ ọn. N kò rí ọkọ mi kó tẹjú mọ́ nǹkan bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo bí Ráfíù. Nígbà tí ó kàn mí, èmi náà wò ó. Yàrá ni lóòótọ́. Yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá bí afárá oyin, kálukú pẹ̀lú ògiri tirẹ̀, hóró funfun kéékèèké kún inú wọn bí ẹ̀wà nínú àgbá. Olùkọ́ wá fi iṣu Làmídì sí i. A tún wò. Kò sí ìyàtọ̀. Yàrá iṣu ńlá àti yàrá iṣu kékeré, ọgbọọgba.

Làmídì nàró, ó gbọn agbádá. "Pè mí, kí n gbọ́."

Àkànní wo òrùlé. "Ẹ̀gbọ́n," ó wí, ohùn rẹ̀ sì dà bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo.

Olùkọ́ Dáúdà kò rẹ́rìn-ín, ó ní ìwà. Ó ní, "Bàbá, iṣu ńlá kò ní yàrá ńlá. Yàrá púpọ̀ ló ní. Nígbà tí yàrá kan bá dàgbà dé ìwọ̀n kan, á pín sí méjì. Méjì yẹn á mu omi, á na ògiri wọn, á dàgbà, á tún pín. Bẹ́ẹ̀ ni iṣu ṣe ń tóbi."

"Kí ló dé tí ọ̀kan kò lè máa dàgbà lọ ní tirẹ̀ títí tá á fi tó orí mi?"

Ọmọ náà gé iṣu sí igun-igun, ọ̀kan kékeré bíi ṣúgà ẹlẹ́yọ, ọ̀kan ńlá bí ìkúùkù. Ó rì wọ́n sínú omi pupa yẹn tí wọ́n máa ń fi sójú egbò nílé ìwòsàn, èyí tí í sọ iṣu di dúdú. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó yọ wọ́n, ó là wọ́n sí méjì. Kékeré ti dú dé inú. Ńlá dú lẹ́yìn, inú rẹ̀ funfun gbòò bí ẹni tí kò gbọ́ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ẹ wò ó. Ara awọ ni oúnjẹ ń gbà wọlé. Bí yàrá bá gùn ní ìlọ́po méjì, tó fẹ̀ tó sì ga bẹ́ẹ̀, awọ rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Inú ń sáré ju awọ lọ. Bí kò bá pín, ebi á pa àárín rẹ̀."

Mo yí ojú sí Àkànní. Àkànní yí ojú sí ojú fèrèsé.

Olùkọ́ tún fi ṣóńṣó gbòǹgbò àlùbọ́sà hàn wá, tó ti pa láró. Ibẹ̀ la ti rí yàrá kan tó ń pín lọ́wọ́. Kókó kan wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ó ní inú rẹ̀ ni gbogbo ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe àlùbọ́sà wà. Kí yàrá tó pín, kókó á kọ́kọ́ da gbogbo ìmọ̀ náà kọ, á di méjì pé, méjì á fà lọ sí apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìgbà náà ni ògiri á ṣẹ̀ṣẹ̀ hù láàárín wọn. Ògiri yẹn kì í bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, àárín gan-an ló ti ń hù, á máa fẹ̀ lọ títí á fi kan ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó ní àwọn yàrá kéékèèké tó wà lẹ́nu ṣóńṣó ló ń pín. Àwọn tó dàgbà tó wà lẹ́yìn wọn ti ṣíwọ́ ìpín, omi ni wọ́n kàn ń mu tí wọ́n fi ń wú.

"Àwọn ọ̀dọ́ ń ṣiṣẹ́, àwọn àgbà ń wú," ni Làmídì wí. Gbogbo kíláàsì wo ikùn Àkànní lẹ́ẹ̀kan náà.

A padà sílé. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí kò bá mi sọ̀rọ̀ iṣu. Nígbà tí mo wá fi ọgbọ́n mẹ́nu kan Múfútáù, ó ní, "Iṣu nìyẹn. Ènìyàn kì í ṣe iṣu." Mo ní, "Òótọ́ ni, Bàbá Ráfíù." Bí obìnrin bá sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òótọ́ ni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọkọ náà ṣọ́ra.

Ní ilé wa, ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn àgbà máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ Àkànní lẹ́yìn ìrun. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wọ abà, mo mú iṣu tó tóbi tẹ̀ lé èyí tó lọ sí Bassila. N kò gé e. Mo fọ̀ ọ́, mo gbé e lódindi sínú ìkòkò ńlá tí a fi ń se oúnjẹ ìkómọ, mo dáná sí i láti àárọ̀. Rámátù rí mi, ó ní, "Ìyá, ṣé kí n bá yín gé e?" Mo ní, "Má fọwọ́ kàn án. Bàbá yín ò fẹ́ kí nǹkan pín." Ọmọ náà fi ọmọ ọwọ́ rẹ̀ bojú kí n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jókòó tán, mo gbé iṣu náà wọlé lórí àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, odindi, èéfín ń jáde lára rẹ̀ bí òkè ní àárọ̀ ọyẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ọ̀bẹ síwájú ọkọ mi. Ẹ̀yìn iṣu yẹn ti yọ́, ó ti di ẹ̀kọ mọ́ ìka. Ó gé wọ inú, ọ̀bẹ ró *kà-kà-kà*, bí ìgbà tí wọ́n ń gé iṣu tútù. Àárín rẹ̀ le, ó sì funfun.

"Ìyá Ráfíù, iṣu yìí kò jinná."

"Ẹ foríjì mí, Bàbá Ráfíù. Àárọ̀ ni mo ti ń dáná. Ẹ̀rù ló bà mí láti pín in. Ẹ ní ohun tó bá ti pín ti tú."

Làmídì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀ sínú ọbẹ̀. Ó ní, "Àkànní, pè mí ní ẹ̀gbọ́n kí n gbà ọ́ níyànjú!" Àwọn àgbà tó kù wo ilẹ̀, èjìká wọn ń mì. Àkànní kò bínú. Ẹ̀rù bà mí nítorí pé kò bínú. Ó kàn ń wo iṣu náà, ó ń fi ìka kan ibi tó yọ́, ó ń fi kan ibi tó le.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá bá mi nílé ìdáná, ibi tí kì í wá. Ó jókòó lórí odó tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀. "Mo mọ̀ pé ebi ń pa Rámátù," ó wí. "Mo ti mọ̀ tipẹ́. Ẹ̀rù tó ń bà mí kì í ṣe ti ìkòkò. Bàbá mi fi ààlà oko lé mi lọ́wọ́, ó fi orúkọ àwọn òkú wa lé mi lọ́wọ́, ẹni tó bí ẹni tó bí ẹni. Ráfíù nìkan ni mo ti ń sọ ọ́ fún, nítorí òun ló sún mọ́ mi. Bí wọ́n bá pín, tí Múfútáù bá lọ dá iná tirẹ̀, kí ni yóò mọ̀? Àlejò ni á jẹ́ lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀."

Mo da omi sínú ìkòkò díẹ̀díẹ̀ kí n lè rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo ní, "Ọmọ Alédjo yẹn ní kókó ti ń da gbogbo rẹ̀ kọ kí ògiri tó dé."

Ó yọ fóònù, ó pe olùkọ́. Mo ń gbọ́ ọ. "Dáúdà ọmọ mi, kókó yẹn, ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń dà kọ, àbí ìdajì?" Ohùn ọmọ náà jáde: "Gbogbo rẹ̀ ni, Bàbá. Yàrá tó bá gba ìdajì kì í sábà yè."

Ìyà wá bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo wa. Fún oṣù kan gbáko, ní ìrọ̀lẹ́, Àkànní ń pe àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó, ó ń sọ ìtàn. Ó mú wọn lọ sóko, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ààlà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ṣì í, gbogbo wọn á tún un bẹ̀rẹ̀. Núrù máa ń ṣì í ní ibì kan náà, níbi tí Àmínátù àgbà ti fẹ́ ọkọ kejì. Ẹ̀gbẹ́ ni mo máa ń jókòó sí tí mo ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Òun ni ènìyàn fi ń rí mi báyìí tí mo ń dárúkọ gbogbo ènìyàn láìfa ìwé yọ, àwọn tó kú kí n tó dé Manigri gan-an. Múfútáù ló kọ́kọ́ kà á tán láìkọsẹ̀. Bàbá rẹ̀ wò ó, ó ní, "Níbo lo ti ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀?" Ó ní, "Láti ìpẹ̀kun ilé, Bàbá. Ohùn yín ń dé ibẹ̀. Oúnjẹ nìkan ni kì í dé."

Nígbà náà ló ránṣẹ́ pe Sáká bíríkìlà. Sáká dé, ó na okùn láti igun ilé. Àkànní ní kó ká a. Ó fi ọ̀pá kan gúnlẹ̀ ní àárín agbo ilé gan-an, ó ní, "Ibí ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

"Bàbá, láti igun ni ènìyàn ti ń mọ ògiri."

"Ìyẹn ògiri tìrẹ. Èyí ògiri iṣu ni. Máa fẹ̀ lọ sí ọ̀tún, máa fẹ̀ lọ sí òsì."

Sáká wò mí. Mo wo ojú ọ̀run. Ó mọ ọ́n bẹ́ẹ̀, láti àárín, ẹ̀ẹ̀mẹta ni iyanrìn sì tán. Nígbà tí ògiri máa fi kan ilé lápá òsì, ó ti yà tó ẹsẹ̀ méjì, ni wọ́n bá sọ àlàfo náà di kọ́rọ̀ kan, níbi tí ewúrẹ́ ń sùn títí dòní. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Bassila tó bá yà kí wa á bi wá pé ta ló mu ọtí tó mọ ògiri yìí. Àkànní á fi ọwọ́ pa á lára, á ní kò sí ògiri tó tọ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Manigri.

Lẹ́yìn ògiri ni wọ́n la ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nínú ọdún yẹn, iná mẹ́rin ń rú ní ilé wa. Ní àárọ̀ tí a ká kajú tán, Múfútáù kò lọ ibì kankan. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń gbẹ́ ìdí orógùn fún ìyàwó rẹ̀. Mo gba iwájú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta láìní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ní ìgbà kẹta ó ní, "Ìyá, ẹ jókòó, mi ò lọ." Mo ní ta ló bi í. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo lọ sunkún mi bó ṣe yẹ.

Ọ̀pọ̀ òjò ti rọ̀ lé ògiri náà lórí. Dáúdà ti kúrò ní Bassila, wọ́n gbé e lọ sí ibòmíràn. Làmídì ló ṣáájú, Àkànní sunkún rẹ̀ bí ọmọdé, ó sì ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ," kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ara tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Kò ṣàìsàn pẹ́. Alẹ́ kan ló ní kí n wá fún òun lómi, mo fún un, ó mu ún, ó ní iṣu ọdún yìí á dára. Kò jí.

Àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wẹ̀ ẹ́. Wọ́n dárúkọ àwọn bàbá rẹ̀ tẹ̀ léra wọn, Núrù náà kò ṣì í. Múfútáù ló wọ inú sàárè, òun ló gba bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó kù, ó sì tẹ́ ẹ síbẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun. A sin ín.